Túnà Tó Wúwo Jù Mí Lọ

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi parọ́ fún ìyá mi pé n kì í dé etí òkun.

Irọ́ náà ò ṣòro láti pa. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á pè mí láti Ìlá. Wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun, bóyá òtútù ti dín kù, bóyá àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ mi ṣì ń ṣe dáadáa sí mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Omi yẹn ńkọ́? O ò sún mọ́ ọn?"

"Rárá o, mà. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Nígbà mìíràn, iyọ̀ òkun á ṣì wà nínú irun mi bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn.

Erékùṣù àwọn Potogí kan ni mo wà, láàárín agbami Àtìláńtíìkì. Bí mo ṣe débẹ̀ gùn, kì í sì í ṣe òun ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹni tó bá dàgbà sí Ìlá, tó ń gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ìlá lọ kí àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, òkè àti igbó àti oko iṣu ni ojú rẹ̀ mọ̀. Ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń ríbi gúnlẹ̀ sí. Lórí erékùṣù yìí, ibi yòówù kí n kọjú sí, omi ni. Mo jáde látinú ọjà, omi. Mo yí kọ̀rọ̀ ilé ìfowópamọ́, omi. Yàrá tí mo kọ́kọ́ gbà, mo gbà á nítorí pé fèrèsé rẹ̀ kọjú sí pápá tí màlúù ti ń jẹko. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń jókòó ti fèrèsé yẹn tí mo máa ń wo màlúù, kí ọkàn mi lè balẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rí ìyá àgbà kan níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Mo tẹrí ba, mo kí wọn bí a ti ń kí àgbà. Ńṣe ni wọ́n gbá àpamọ́wọ́ wọn mọ́ra. N kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ kí ènìyàn, màá kọ́kọ́ fi ọwọ́ mi méjèèjì síbi tí wọ́n á ti rí i.

Iṣẹ́ tí mo rí ni iṣẹ́ ilé ẹja, níbi tí wọ́n ti ń di túnà sínú agolo. Ní Ìlá, tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹja sára pátákó láìmọye ìgbà, mo ti tọ́ka sí ìyẹ́ rẹ̀ àti ihò èémí rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹja tó tóbi jù tí mo tíì fọwọ́ kàn nígbà náà ni ẹja inú firísà tí a ń rà lọ́jà. Níbí, wọ́n á tú túnà kalẹ̀ níwájú mi, òmíràn gùn tó ènìyàn, ara rẹ̀ le bí igi. Èmi ni mo ń gé orí. Wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, orí lẹ́yìn orí, ojú ẹja ràgàjì-ràgàjì ń wò mí. Ìgbà kan ń bẹ tó jẹ́ pé ojú ẹja nìkan ló ń wò mí láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì.

Ẹni tó kọ́kọ́ pè mí jókòó ni Manuẹ́lì. Òun ló ń tún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà ṣe. Ó lè bí mi lọ́mọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Rita, tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ mi ni. Orúkọ lásán ni gbogbo ènìyàn ń pe Manuẹ́lì, títí kan àwọn tó ń gbá ilẹ̀. Ẹnu mi kọ̀. "Bàbá Manuẹ́lì" ni mò ń pè é fún odindi ọdún kan, tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, títí òun fúnra rẹ̀ fi bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ má sọ òun di arúgbó. Bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀ ni màá ṣe pè é níhìn-ín. Ẹ má rò pé n kò lẹ́kọ̀ọ́.

A máa ń jẹun ọ̀sán lórí odi èbúté. Lọ́jọ́ kan ó fi ẹnu tọ́ka sí túnà tí wọ́n ń já sílẹ̀ látinú ọkọ̀.

"Ò ń gé orí wọn lójoojúmọ́. Ṣé o ti rí ọ̀kan tó wà láàyè rí?"

"Rárá."

"Ṣé o mọ omi wẹ̀?"

"Rárá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì nu ẹnu rẹ̀. "O dé erékùṣù láìmọ omi wẹ̀. Ọkàn rẹ gbóyà."

Kì í ṣe ìgboyà.

Nígbà tí ojú ọjọ́ móoru, òun àti Rita mú mi lọ sí èbúté. Mo bẹ́ sómi, mo rì bí òkúta. Manuẹ́lì fà mí jáde ní kọ́là, mo ń wúkọ́, mo ń sunkún, ojú ń tì mí. Mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. N kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún yín tán. Bóyá nítorí pé àwọn méjì yìí ni ènìyàn àkọ́kọ́ tó dúró dè mí níbì kan lórí ilẹ̀ náà.

Ọdún kan kọjá kí n tó lè lúwẹ̀ẹ́ bí ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni Manuẹ́lì wá fi iṣẹ́ ọdẹ rẹ̀ hàn mí. Àwọn ọdẹ inú omi kì í gbé àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Aṣọ rọ́bà dúdú ni wọ́n ń wọ̀, pẹ̀lú bàtà gígùn tó dà bí ìyẹ́ ẹja, àti ìgbànú olójé tó ń fa ènìyàn lọ sísàlẹ̀. Ìbọn tó ń yin ọ̀kọ̀ á wà lọ́wọ́ wọn, okùn gígùn á sì so ọ̀kọ̀ náà mọ́ bọ́ọ̀lù kan tó ń léfòó. Èémí kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń di èémí mú, ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, lẹ́yìn náà méjì. Ikùn á máa fò sókè bí ẹni pé ẹnì kan ń kan ìlẹ̀kùn látinú. Ẹ̀rù náà ò lọ. Mo kàn kọ́ bí a ṣe ń bá a gbé ni.

Òfin kan ló wà tó ń tún sọ bí àdúrà: ẹnì kan lókè, ẹnì kan nísàlẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti wọlé lọ, ẹnì kejì á léfòó lójú omi, á máa wò ó títí yóò fi jáde tí yóò sì mí dáadáa. Nítorí pé ibi tí èémí ti ń já gan-an kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ìtòsí òkè ni, nígbà tí ènìyàn bá ti ń rí ìmọ́lẹ̀, tó rò pé òun ti dé ilé. Á kàn dákú láìmọ̀, á sì padà sísàlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ tí mo pa ẹja àkọ́kọ́ tó tó gbé dání, nínú ọkọ̀ ojú omi, Manuẹ́lì bi mí ní ìbéèrè tí gbogbo ọdẹ ibẹ̀ ń bi ara wọn.

"Kí lo fẹ́ pa kí ọjọ́ rẹ nínú omi tó pé?"

Ó ní ìdáhùn tirẹ̀. Ó ti pa gbogbo ohun tó ń lé láti ìgbà èwe, àfi ọ̀kan: túnà tó wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó ti ń wá a láti ọgbọ̀n ọdún. Rita, tó ń tu ọkọ̀, gbé ojú sókè ọ̀run bí ẹni tó ti gbọ́ ọ sú.

Mo ronú. Mo ní mo fẹ́ ẹja kan tó máa tó gbogbo àwa tí a jọ ń gé orí jẹ. Mo fẹ́ ẹja gígùn onílà kan tó ń sáré bí ọta ìbọn, tí ara rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n kọ ní ilà láti orí dé ìrù. Mo sì fẹ́ túnà tó wúwo jù mí lọ. Kílò mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mo wọ̀n nígbà náà. Nígbà tí mo délé, mo kọ ọ́ sórí ìwé ní Yorùbá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìdáná.

Mo ti ro ìdí tí ohun tó dà bí eré yìí fi dì mí mú tó bẹ́ẹ̀. Ní Ìlá, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ènìyàn ni, "Ọmọ ta ni ọ́?" Bí o bá ti dáhùn, ó tán. Wọ́n á dárúkọ bàbá rẹ, wọ́n á ní ìwọ àti ìyá àgbà rẹ jọra. Lórí erékùṣù yìí, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Bí wọ́n bá sì bi mí, ìdáhùn mi ò lè wúlò fún wọn. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdẹ inú omi, ìbéèrè wọn ni, "Kí lò ń wá?" Èmi náà lè dáhùn ìyẹn. Bí mo bá ti dáhùn, wọ́n á sún fún mi kí n jókòó.

Àfi pé ìdáhùn náà di ẹrù sí mi lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni túnà ńlá máa ń kọjá lọ́dún. Mo ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì. Níbi iṣẹ́, bí mo bá gé orí ẹja kan, màá máa fojú wọ̀n ọ́n. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, inú mi á bàjẹ́ bí ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Bí afẹ́fẹ́ ò bá sì fẹ́, àyà mi á máa já láti àárọ̀.

Ọdún kẹrin ni mo pa ẹja onílà náà. Ibi tí a wà jìn sí ilẹ̀, omi náà ò ní ìsàlẹ̀ tójú lè rí, búlúù ni gbogbo rẹ̀, búlúù tó ń di dúdú bó ṣe ń lọ. Mo wọlé, mo dúró nínú òfìfo yẹn. Ó jáde láti ibi tí kò sí nǹkan kan. Mo yìnbọn. Okùn sáré, bọ́ọ̀lù pupa tó wà ní orí okùn rì, ó tún léfòó. Nígbà tí mo yọ orí sókè, mo pariwo ní Yorùbá, n kò mọ ohun tí mo sọ. Rita ya fọ́tò mi.

Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Fúnmiláyọ̀, àbúrò mi tó ń kọ́ni ní Ìlá, mo ní, "Ìwọ nìkan o. Má jẹ́ kí màmá rí i." Inú rẹ̀ dùn débi pé kò kà á parí. Ó gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì rẹ̀. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé fóònù fún ìyá mi pé, "Ẹ wo ọmọ yín, ó ti di ọ̀gá."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n pè mí, ọjọ́ tí wọn kì í pè. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo jáde sí ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́.

"Ta ló wọ aṣọ dúdú tó gbé ẹja dání yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Níbo lo ti rà á?"

"N kò rà á, mà. Mo pa á ni."

"Látinú ọkọ̀ ojú omi?"

Mo ń yí ìbọ̀wọ́ náà lọ́wọ́.

"Mo ní, ṣé inú ọkọ̀ lo wà?"

"Rárá, mà. Inú omi ni mo wà."

Mò ń gbọ́ adìẹ nínú àgbàlá wa, mò ń gbọ́ ọ̀kadà tó kọjá níwájú ilé. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn Ìgbómìnà wọn, tí wọ́n máa ń tún ṣe díẹ̀ lórí fóònù, ti padà di ògidì.

"Adébáyọ̀ náà ní òun mọ omi."

Adébáyọ̀ ni àbúrò wọn ọkùnrin. Odò ló gbé e lọ ní Òkè-Ìlá kí wọ́n tó bí mi. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ọmọ kankan nínú wa tí wọ́n gbà láàyè láti dé odò.

"Jọ̀ọ́, ọkọ mi. Fi í sílẹ̀."

"Mo ti gbọ́, mà."

Mo fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì. Oṣù kẹta, àwọn apẹja mú ìròyìn wá pé túnà ti ń kọjá, àwọn ńlá. Manuẹ́lì ò bẹ̀ mí. Ó kàn wò mí. Mo ní màá lọ.

Rita ló tu ọkọ̀. Èmi àti Manuẹ́lì wà nínú omi, à ń gbà á lọ́wọ́ ara wa: òun lọ, mo wò ó; mo lọ, ó wò mí. Ó ti tó wákàtí méjì kí àwọn túnà náà tó dé. Ojú Manuẹ́lì tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ rí wọn. Mo rí i tó yìnbọn, mo rí okùn tó yọ sáré bí ejò, bọ́ọ̀lù pupa sì rì, kò tètè padà. Ó jáde, ó mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó jù mí lọ!" ó ń pariwo. "Ó jù mí lọ! Mo rí i!"

Nígbà tí bọ́ọ̀lù padà léfòó, ó ti ń rẹ ẹja náà. Manuẹ́lì gba ìbọn kejì, ó fẹ́ lọ parí rẹ̀. Mo ní kó sinmi díẹ̀ sí i. Kò gbọ́. Ó wọlé.

Èmi ni mo wà lókè. Mò ń wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kéré sí i, ó ń kéré sí i. Lẹ́yìn náà, ní apá òsì mi, nǹkan kan kọ mọ̀nà. Mo yíjú. Túnà ni, ó dá wà, kò tó ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá sí mi, ó tóbi, ó tóbi ju gbogbo èyí tí mo ti gé orí wọn lọ. Ìbọn mi ti wà ní sẹpẹ́. Mo nà án. Mo tẹ̀lé e díẹ̀. Ó rọra yí, ó bọ́ sínú búlúù.

Mo bojú wo ìsàlẹ̀, mo wá Manuẹ́lì.

Mo rí i. Ó ti ń bọ̀, ó ti kù díẹ̀ kó dé òkè. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mi mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹni tó ń sùn. Ó ti ń padà lọ.

Mo sọ ìbọn nù. N kò rántí pé mo mí kí n tó wọlé. Mo gbá a mú lábẹ́ apá, mo já ìgbànú olójé rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ ta omi. Nígbà tí orí wa yọ, ètè rẹ̀ dà bí aró. Mo ṣí awò ojú rẹ̀, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, mo gbá a létí, mo ń pe orúkọ rẹ̀. "Bàbá Manuẹ́lì! Bàbá Manuẹ́lì! Ẹ mí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí!" Rita ń ké nínú ọkọ̀. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà, àyà rẹ̀ gbé, ó fa èémí kan tó dún bí aṣọ tó ya.

Túnà náà já okùn lọ. Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀.

Ó lo ọjọ́ mẹ́ta ní ọsibítù. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wọ ìsàlẹ̀ omi mọ́ láéláé. Gbogbo ènìyàn ibi iṣẹ́ ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìyá àgbà kan tí n kò mọ̀ rí dì mọ́ mi níwájú ilé búrẹ́dì. Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tí mo ti dé ilẹ̀ náà ni, wọ́n sì fún mi nítorí irọ́: wọ́n rò pé n kò gbójú kúrò lára Manuẹ́lì rárá. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Lọ́sẹ̀ kẹta mo lọ bá Manuẹ́lì nílé rẹ̀, mo kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

"Mo yíjú," mo ní. "Mo rí ẹja kan, mo tẹ̀lé e. N kò wò ọ́."

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ tí o pa ẹja onílà yẹn," ó ní, "nígbà tí o wà nísàlẹ̀, èmi náà rí ẹja. Mo tẹ̀lé e lọ jìnnà. Nígbà tí mo fi padà, o ti wà lójú omi, ò ń pariwo ayọ̀. N kò sọ fún ọ rí."

Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni sọ fún mi nílẹ̀ àjèjì tó dẹ́rù bà mí tó ìyẹn. Fọ́tò yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Mo wo eyín mi tó ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí inú mi dùn jù níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wò mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, n kò dúró kí ìyá mi pè. Èmi ni mo pè wọ́n. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti èbúté títí dé ètè tó di aró. Mo sọ pé lẹ́yìn tí mo ṣèlérí fún wọn ni mo tún lọ. Mo ń retí igbe. Wọn ò ké.

"Adébáyọ̀ mọ omi ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ," wọ́n ní. "Àwọn ènìyàn máa ń rò pé nítorí pé kò mọ̀ ọ́n ló fi kú. Òun nìkan ló lọ. Kò sẹ́nì kankan ní bèbè."

"Mà, mo lè fi í sílẹ̀ báyìí. Òótọ́ ni mò ń sọ."

"O sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn náà." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Bí mo bá ní kí o má lọ, wàá lọ, wàá sì máa parọ́ fún mi. Irọ́ yẹn ò jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tó yẹ kí n gbàdúrà. Ẹni tó máa máa wò ọ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí túnà tún ń kọjá, Manuẹ́lì ló tu ọkọ̀. Rita ló wọ aṣọ rọ́bà. Kí a tó bọ́ sómi, mo pe ilé pẹ̀lú fídíò. Fúnmiláyọ̀ di fóònù mú, ìyá mi sì jókòó lórí àga níwájú ilé, wọ́n wé gèlè bí ẹni tó fẹ́ lọ sí ìsìn. Mo gbé fóònù fún Rita.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni ìyá mi wí, ní Yorùbá, "ọmọ mi nìyẹn o. Má wo ẹja. Òun ni kí o máa wò. Bí ẹja bá lọ, òmíràn á wá. Ṣé o gbọ́?"

Rita mi orí gidigidi, ó sì dáhùn ní Potogí pé bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ní kí n túmọ̀ fún un.

"Má ṣèyọnu," ó ní. "Ó yé mi."

A wọ inú omi. Mo lọ, ó wò mí. Ó lọ, mo wò ó. Nígbà tí ó wà nísàlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, nǹkan ńlá kọjá ní apá ọ̀tún mi. Mo mọ ohun tó jẹ́ láìyíjú. Ọrùn mi ń dùn mí. Mo ń wo ẹsẹ̀ Rita, ìyẹn nìkan, títí ó fi gòkè, títí ó fi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, mo fi ọwọ́ tútù tẹ nọ́ńbà ìyá mi. Wọn ò jẹ́ kó dún tán.

"Ṣé o ti jáde?"

"Mo ti jáde, mà."

"Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?"

"Àwa méjèèjì ni, mà."

"Ẹja ńkọ́?"

"A ò pa nǹkan kan, mà."

"Ọpẹ́ ni," ni wọ́n wí, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe dìde lórí àga. "Ẹ lọ jẹun."